Ersilia Tí Bàbá Gbé Ọ̀pá Ìkọ́ Wá Dé Torino

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú ilé sinimá Ersilia rí tí ẹ sì ti fi etí aṣọ nu ojú nínú òkùnkùn kí ẹnikẹ́ni má baà rí yín, ẹ sún mọ́ mi. Òkú ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ óò rẹ́rìn-ín, mo ṣèlérí. Bí ẹ bá wá sunkún díẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́bi.

Ersilia, àbúrò mi, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ! Ọdún márùn-ún tí a ti ń dárúkọ rẹ nídìí oúnjẹ tí kò sẹ́ni tó jẹ́ wa lóhùn! Àwa ìdílé Rosasco ló ń kí ọ. Èmi Evasio, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni wọ́n ní kí n mú kálàmù, wọ́n ní èmi ni mo lẹ́nu jù nínú ilé. Mi ò bá wọn jiyàn.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Quinto ọkọ rẹ wà láàyè. Etí rẹ̀ ti ń wúwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń yí ẹ̀rọ kámẹ́rà nígbà èwe rẹ̀ kò tíì gbọ̀n. Ilé sinimá rẹ kò tì, Ersilia! Kò tì fún ọ̀sẹ̀ kan! Norina ọmọ rẹ ló ń darí rẹ̀. Ó ti ra àga onítìmùtìmù síbẹ̀, ó sì ti tún òrùlé ṣe. Ṣé o rántí pé tí òjò bá ń rọ̀ nínú fíìmù, àwọn tó jókòó lẹ́yìn máa ń rò pé ara eré ni omi tó ń kán sí wọn lórí? Ìyẹn ti parí.

Ilé tí ìwọ àti Quinto fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ lẹ́bàá ipa omi, a ti parí rẹ̀! Àjà òkè ti dúró, wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun fèrèsé bí o ṣe fẹ́ ẹ. Agnesina, ọmọ Norina, ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Vercelli. Ojú rẹ ló gbé wọ̀. Ó sì ń rìn bíi tìrẹ, bí ẹni pé gbogbo ayé ló ń wo òun, gbogbo ayé sì ń wò ó lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé yìí, ìyá àgbà tó ń já ìwé ìwọlé lẹ́nu ọ̀nà sinimá ni wọ́n mọ̀ ọ́ sí. Wọn ò mọ̀ pé ìwọ fúnra rẹ ti wà lórí aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀ yẹn rí, pé àwọn ènìyàn ní ìlú tí a ò lè pe orúkọ rẹ̀ ti sunkún nítorí rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ rò ó lójú rẹ, kí wọ́n lè gbọ́ ọ dáadáa.

Aṣọ ni o lọ rán ní ìlú ńlá Torino, kì í ṣe eré ni o lọ ṣe. Oko ìrẹsì ti sú ọ. Dídúró nínú omi dé orúnkún, kí ènìyàn tẹ̀ kòlòbà kó máa fa koríko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, o ní kì í ṣe torí ìyẹn ni wọ́n ṣe bí ọ. Wọ́n gbà ọ́ sí ilé onígíláàsì kan tí wọ́n ti ń ya fíìmù, pé kí o máa tún aṣọ àwọn òṣèré ṣe. Àsìkò yẹn, fíìmù kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ojú àti ọwọ́ ni òṣèré fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó yẹ kó ṣe olórí eré bínú, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ọ̀gá tó ń darí wọn, Malvano, ń rìn kiri bí ẹni tí iná jó nílé rẹ̀. Ló bá rí ọ nídìí aṣọ.

"Ìwọ, yíjú síbí. Ṣé o lè sunkún?"

O yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ọ̀gá, àárín ẹ̀gbọ́n ọkùnrin mẹ́ta ni mo dàgbà sí. Kí ni mo tún ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀?"

Bí o ṣe di òṣèré nìyẹn!

Nígbà tí ìròyìn náà dé abúlé, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni Bàbá wa ń jẹ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, Defendente Rosasco ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń ṣọ́ àwọn ilẹ̀kùn omi tó ń bomi rin gbogbo oko ìrẹsì àgbègbè wa. Kò sí àgbẹ̀ tí kì í ṣí fìlà fún un. Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Kí gbogbo ọkùnrin Vercelli máa sanwó wo ojú ọmọ mi? Ersilia ti kú nínú ilé yìí. Ẹni tó bá tún dárúkọ rẹ̀, kó gbé abọ́ rẹ̀ jáde."

Màmá Orsola ní, "Bàbá Evasio, ìrẹsì yín ń tutù."

Ní Kérésìmesì ọdún yẹn, o wá sílé. O kan ilẹ̀kùn. Yìnyín ń bọ́ sí ọ lórí níta, Bàbá sì dúró nínú ilé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ilẹ̀kùn náà mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ń gbọ́ èémí rẹ níta. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ tó ń padà lọ.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ni o ń wá láyé. O ń sọ ọ́ fún Quinto, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń yí ẹ̀rọ kámẹ́rà, nígbà tí ẹ bá jọ ń jẹ búrẹ́dì lọ́sàn-án: "Wọ́n ní mo ti ń di ìràwọ̀. Kí ni kí n fi ìràwọ̀ ṣe, Quinto, nígbà tí bàbá mi ò ṣílẹ̀kùn fún mi?"

Fíìmù tí wọ́n fi ọ́ ṣe olórí rẹ̀ yẹn, *Ìràwọ̀ Ojú Fèrèsé* ni wọ́n pè é. Ọmọbìnrin aránṣọ kan ló wà nínú rẹ̀, òṣèré olókìkí kan sì ń gbé ní òdìkejì òpópónà. Ọmọbìnrin yìí ń fẹ́ ọkùnrin náà, ó sì ń fẹ́ òkìkí rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti ku òun nìkan, á gbé aṣọ àwọn oníbàárà wọ̀ níwájú dígí, á máa tẹrí ba fún èrò tí kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin náà rí i, wọ́n fẹ́ràn ara wọn, ó gbé e débi eré, lẹ́yìn náà ó gbàgbé rẹ̀. Ọmọbìnrin náà wá dúró lórí afárá, ó ń wo omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi parí fíìmù náà. Èyí tí àwa ará ilẹ̀ yìí máa wò, ọkùnrin náà sáré dé orí afárá, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní Rọ́ṣíà kò fẹ́ ìgbéyàwó. Ẹkún ni wọ́n ń fi owó rà. Nítorí tiwọn, wọ́n ní kí o wọ inú odò Po ní Torino, kí o má sì jáde mọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà náà, kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan bàbàrà.

Gaudenzia, obìnrin tó máa ń gbé kọ̀nkọ̀ lọ tà ní ọjà Vercelli, ló kọ́kọ́ rí ọ nínú fíìmù. Ó dé, kò tilẹ̀ tíì sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ tó fi ń pariwo láàárín ìgboro. "Mo rí Ersilia! Ó wọ aṣọ funfun! Ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọkùnrin kan tí irun orí rẹ̀ ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun!"

Nígbà tí Tavella, tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin gbé sinimá kiri abúlé, wá sọ pé òun ń gbé fíìmù náà bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo abúlé múra ìgbéyàwó. Mo ní ìgbéyàwó! Àwọn obìnrin yọ aṣọ tó dára jù jáde látinú àpótí. Wọ́n ra àlímọ́ńdì tí wọ́n fi ṣúgà bò, irú èyí tí a máa ń pín níbi ìgbéyàwó, wọ́n di í mọ́ etí aṣọ. Wọ́n ní kò ní dára kí ọmọ abúlé ṣègbéyàwó kí ẹnu àwọn máa gbẹ.

Màmá Orsola wé gèlè ṣẹ́dà tí òun fúnra rẹ̀ fi ṣègbéyàwó.

Bàbá ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Ìgbéyàwó."

"Ìgbéyàwó ta ni?"

"Ti ọmọ tó kú."

Màmá jáde. Bàbá rọra tẹ̀lé e lókèèrè. Inú àká ìrẹsì oko ńlá ni wọ́n ti fẹ́ fi fíìmù hàn lẹ́yìn Máàsì, wọ́n ti fi àpò dí ojú fèrèsé. Bàbá dúró sẹ́yìn pátápátá. Ó ní eku lòun wá wò, bóyá wọ́n ti ń jẹ ìrẹsì.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Bí ojú rẹ ṣe yọ lórí aṣọ, Màmá sọ pé gbogbo ilé mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń bá ọ sọ̀rọ̀! "Ersilia, má gbà á gbọ́!" "Wo ojú rẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni!" "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ronú!" Nígbà tí o dé orí afárá, Gaudenzia dìde, ó kọjú sí èrò bí ẹni tó ni fíìmù. "Ẹ tú àlímọ́ńdì yín. Ó ń bọ̀ báyìí. Onírun dídán ń bọ̀."

Onírun dídán kò wá.

O sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò. O wọ inú omi. Omi dé ìbàdí rẹ, ó dé èjìká rẹ. Gèlè rẹ nìkan ló kù tó ń léfòó lọ. Lẹ́yìn náà, aṣọ di funfun.

Wọ́n ti fi ti Rọ́ṣíà sínú àpótí Tavella. Tavella kò sì mọ̀. Wọ́n dà bò ó, ó gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, èmi kàn ń yí i ni! Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i!"

Gaudenzia ní, "Irọ́ ni! Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, ó wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń da òdòdó lé e lórí! Ojú mi méjèèjì ló rí i!" Ohùn rẹ̀ wá sọ̀ kalẹ̀. "Á jẹ́ pé... á jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ ọjà ló ṣẹlẹ̀."

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín jù. Orí aṣọ funfun kan náà ni Tavella ti fi ibi tí ilẹ̀ ti mì hàn wọ́n rí, òkú gidi ni wọ́n rí níbẹ̀. Lójú tiwọn, o ṣègbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ já ọ jù sílẹ̀, o sì kú ní ọ̀sẹ̀ kejì. Obìnrin kan ń lu itan rẹ̀: "Mo ti sọ pé irun yẹn ń dán jù!"

Bàbá gba àárín èrò kọjá títí ó fi dé iwájú aṣọ. Àwọn kan ti ní kí Tavella tún ìparí yẹn fi hàn, bóyá ojú àwọn ló ṣì í, nítorí náà odò Po tún ti ń ṣàn, ó ń ṣàn lórí kóòtù Bàbá, ó ń ṣàn lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí gèlè rẹ wà. Aṣọ lásán ni ọwọ́ rẹ̀ bà. Ó yí padà, ó jáde.

Ó gba ilé lọ, ó mú ọ̀pá ìkọ́ rẹ̀, ọ̀pá gígùn onírin tó fi máa ń fa màlúù àti ènìyàn jáde nígbà tí wọ́n bá jìn sí ipa omi. Ó gbé e lé èjìká, ó di ibùdókọ̀ ojú irin.

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní, "Bàbá, ọ̀pá yìí ò lè wọlé."

"Ọmọ mi wà nínú omi ní Torino."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀. Ó ṣí fèrèsé fún un, wọ́n yọ orí ọ̀pá síta, ọkọ̀ gbéra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà létí odò Po, ó ń fi ọ̀pá wá ọ káàkiri ìsàlẹ̀ àwọn afárá. Ó bá àwọn alágbàfọ̀ tó kúnlẹ̀ létí omi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọbìnrin kan wọ odò yìí. Ó wé gèlè. Ọmọ mi ni."

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Èyí tó ń ṣe fíìmù? Eléyinjú ẹgẹ́ yẹn?"

"Níbo ló gbé e lọ?"

"Omi? Omi ò gbé e lọ síbì kankan, Bàbá. Ṣe ló ń kú tó tún ń jáde! Ọ̀gá wọn á ní kò dára tó, á tún padà wọlé. Ó kú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó wá jókòó síbí yìí, ó ń gbọ̀n, ó ní ta ló ní ọbẹ̀ gbígbóná. Ọbẹ̀ mi ló mu!"

Bàbá jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Ǹjẹ́ ó jẹun yó?"

"Ó lá abọ́."

Wọ́n júwe ilé onígíláàsì fún un. Ó ṣẹlẹ̀ pé fíìmù àwọn apẹja ni wọ́n ń yà lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí bàtà onígi, ó rí ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe: "Ẹ ti pẹ́, Bàbá! Àwọn apẹja tó kù ti wọlé! Ọ̀pá yín dára o, ó jọ ti gidi. Ẹ yà sọ́wọ́ òsì!"

Bàbá yà sọ́wọ́ òsì.

O wà láàárín ìmọ́lẹ̀, o wọ aṣọ olówó, o ń ṣe ọmọ ọba tó sọnù. Quinto ń yí ẹ̀rọ. Àwọn apẹja ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹrí ba. Ọ̀kan nínú wọn kò tẹrí ba. O gbójú sókè.

Quinto ní òun kò tíì rí irú ojú yẹn lára rẹ rí, kò sì sí bí Malvano ì bá ṣe kọ́ ọ. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó sún mọ́ ọ bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí nǹkan má baà fò lọ. Ó fi ọwọ́ kan irun rẹ.

"Irun rẹ gbẹ," ni ó sọ.

"Bàbá."

"Irun rẹ gbẹ, Ersilia."

Malvano ń pariwo: "Dúró! Dúró! Ta ni apẹja yìí? Ta ló ní kó fọwọ́ kan ọmọ ọba?" Gbogbo ènìyàn dúró àfi Quinto. Quinto ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yára ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí ara Bàbá balẹ̀, ó wò yíká. "Ọkọ rẹ dà?"

"Ọkọ wo, Bàbá?"

"Onírun dídán."

"Ìyẹn? Ó níyàwó nílé, Bàbá, ọmọ sì kún ilé rẹ̀. Ń ṣe la ṣeré."

Malvano wá ṣàlàyé ti Rọ́ṣíà fún un. Bàbá gbọ́ ọ tán. "Ẹ pa ọmọ mi nítorí pé àwọn kan fẹ́ sunkún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ẹ má bínú."

"Ṣé wọ́n sunkún?"

"Wọ́n sunkún gan-an. Wọ́n tún ní ká fi púpọ̀ sí i ránṣẹ́."

Bàbá fa kóòtù rẹ̀ wálẹ̀, ó nà ró. "Wọ́n gbọ́dọ̀ sunkún. Èmi tí mo ti fa òkú gidi jáde nínú omi, mo gbà á gbọ́." Ó yíjú sí ọ. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá."

"Mo mọ̀. Wá ká lọ sílé. Ìyá rẹ ti wọ aṣọ dúdú."

Ọjọ́ yẹn lẹ dé. Wọ́n ti fi aṣọ ọ̀fọ̀ kọ́ ẹnu ọ̀nà wa, ilé kún fún àwọn tó wá kẹ́dùn. Gaudenzia ló kọ́kọ́ rí ọ láti ojú fèrèsé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀yìn ilé sá lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì nítorí òtútù. Màmá dìde láti ṣí i, Bàbá sì ti ìta ké pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í wọlé, ó ṣí i gbayawu, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a ṣe ń yà fún ẹni ńlá.

Ó ní, "Wọlé, ìràwọ̀."

O wọlé, Ersilia! Wọ́n ní igbe tí Màmá ké, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Bàbá sì kọjú sí àwọn aládùúgbò: "Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ mi nìyí. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ débi pé gbogbo yín wọ dúdú. Ta ló tún bí irú rẹ̀ ní àgbègbè yìí?" Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá ti ń fi fíìmù rẹ hàn, Bàbá wà níbẹ̀, á máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í: "Ọmọ mi ni. Má sunkún, kò kú." Ó ba eré jẹ́ fún ìdajì Vercelli!

Òun náà ló fa ọ lé Quinto lọ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ràn ọkùnrin tí kì í dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró nítorí ariwo.

Ogun dé, ogun lọ. Ilé onígíláàsì yẹn ti wó, *Ìràwọ̀ Ojú Fèrèsé* sì ti sọnù. A wá a títí, a ò rí i. Ṣùgbọ́n Quinto ti gé ibì kan pamọ́ nínú èyí tó yà lọ́jọ́ tí Bàbá dé Torino, kò sì sọ fún wa títí di ọdún yìí. Lẹ́yìn Máàsì ìrántí rẹ, ó pe gbogbo wa sínú ilé sinimá rẹ, ó tan ẹ̀rọ. Bàbá ló wọlé lórí aṣọ, pẹ̀lú bàtà onígi rẹ̀! Ìwọ lo gbójú sókè! Kò pẹ́ rárá, kò ju kí ènìyàn mí díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Agnesina rí bàbá ìyá ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ọmọ kéékèèké sì dìde lórí àga wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Wọ́n ní kí Quinto tún un fi hàn. Ó tún un fi hàn. Wọ́n ní kó tún un ṣe.

Ersilia, àárò rẹ ń sọ wá! Ersilia, a fẹ́ràn rẹ! Ọdún márùn-ún kò dín in kù, kò sì sí ọdún tí yóò dín in kù. Ìwọ ni ìgbéraga ilé Rosasco, ní ayé àti ní ọ̀run. Sùn re o.

Iṣẹ́ ológun ti gbé mi lọ sí Cuneo nígbà tí Tavella gbé fíìmù náà dé abúlé. Màmá Orsola ló sọ ti abúlé fún mi kí òun náà tó lọ. Ti Torino, ẹnu Quinto Bardella, ọkọ rẹ, ni mo ti gbọ́ ọ, bí òun náà sì ṣe ń sọ ọ́ ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún yí afẹ́fẹ́.